Èsì mẹ́ta, ẹ̀dọ̀ kan ṣoṣo: bí mo ṣe yẹ̀ ẹ́ wò n'Íbàdàn

Àwọn ẹbí ní kí n bá àwọn wo èsì àyẹ̀wò ẹ̀dọ̀ mẹ́ta tó jẹ́ ti Dádì Mọ́níyà, ẹ̀gbọ́n bàbá mi, kí n sọ bóyá ó ń burú sí i. Hepatitis B, àrùn tó ń ba ẹ̀dọ̀ jẹ́, ti wà lára wọn tipẹ́. Ọ̀dọ̀ ọmọ wọn ní Amẹ́ríkà ni wọ́n ti ṣe méjì, MRI, ẹ̀rọ ńlá tó ń fi mágínẹ́ẹ̀tì ya àwòrán inú ara, ni wọ́n fi wọn bí ẹ̀dọ̀ ṣe le tó, èyí tí wọ́n ń pè ní MRE. Àkọ́kọ́ jẹ́ 3.1, ti ọdún kejì jẹ́ 3.4. Ìkẹta, Ìbàdàn níbí ni wọ́n ti fi FibroScan, ẹ̀rọ mìíràn tó ń wọn líle ẹ̀dọ̀, ṣe é: 9.8. Látìgbà tí Mọ́mì ti rí 9.8 yẹn ni oorun ti dá lójú wọn.

Ti Amẹ́ríkà ni mo kọ́kọ́ gbé kalẹ̀. Nínú MRE, wọ́n á gbé ike roboto pẹrẹsẹ kan lé ìhà ọ̀tún ẹni, ẹ̀rọ tó wà níta yàrá á máa fi rọ́bà fẹ́ atẹ́gùn sí i, á sì máa gbọ̀n nígbà 60 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. MRI á ya ìgbì náà bó ṣe ń gba inú ẹ̀dọ̀ kọjá. Bí ẹ̀dọ̀ bá ṣe le tó ni ìgbì ṣe ń yára tó. Dádì ní mímí síta tán kí wọ́n sì dúró bẹ́ẹ̀ láì mí ló ni àwọn lára jù.

Ṣé 3.4 wá burú ju 3.1 lọ? Àwọn tó ń gbé òṣùwọ̀n iṣẹ́ yìí kalẹ̀ sọ pé bí ìyàtọ̀ MRE méjì ò bá tó ìdá 19 nínú ọgọ́rùn-ún, a ò lè fọwọ́ sọ̀yà pé ẹ̀dọ̀ ló yí padà. Ti Dádì ò pé ìdá 10. Mo tún rí i nínú ìwé èsì wọn pé ẹ̀rọ kan náà ni, wọn ò sì jẹun kí wọ́n tó ṣe méjèèjì. Kì í ṣe pé ẹ̀dọ̀ náà dá ṣáṣá o. Ohun tó bá ti lé ní 3 lórí MRE ń sọ pé ó ṣeé ṣe kí àpá, tó máa ń mú kí ẹ̀dọ̀ le, ti wà níbẹ̀.

9.8 ló gba àlàyé. Kilopascal, òṣùwọ̀n tí wọ́n fi ń ka líle, ni ẹ̀rọ méjèèjì ń kọ, àmọ́ ohun tí wọ́n ń wọ̀n yàtọ̀. Ti FibroScan máa ń tó ìlọ́po mẹ́ta ti MRE. Kóńgò gàrí ọjà kan lè má dọ́gba pẹ̀lú ti ọjà kejì, kóńgò náà ni wọ́n ń jẹ́. Ẹ má kàn fi ìsirò yìí rọ́pò àyẹ̀wò, ṣùgbọ́n 9.8 tí a pín sọ́nà mẹ́ta ò jìnnà sí 3.3, àyà Mọ́mì ò sì yẹ kó já bẹ́ẹ̀.

Mo wá bi Dádì pé kí ni wọ́n jẹ lọ́jọ́ náà. "Mo ti jẹ àmàlà kí n tó kúrò nílé. Ṣé kí n fi ikùn òfìfo rìn láti Mọ́níyà ni?" Kò sẹ́ni tó bi wọ́n níbi àyẹ̀wò, èyí sì dùn mí, torí bí èèyàn bá jẹun, ẹ̀jẹ̀ máa ń ya lọ sí ẹ̀dọ̀, nọ́ńbà á sì gbéra. Ó kéré tán, ó yẹ kí wákàtí mẹ́ta ti kọjá.

A tún un ṣe láàárọ̀, láì jẹun. Wọ́n fẹ̀yìn lélẹ̀, wọ́n gbé ọwọ́ ọ̀tún sẹ́yìn orí, nọ́ọ̀sì fi jẹ́ẹ̀lì sáàárín egungun ìhà, ó sì ń fi ẹ̀rọ náà ta ibẹ̀ pẹ́pẹ́, ẹ̀ẹ̀mẹwàá. Nọ́ńbà tó bọ́ sáàárín jẹ́ 9.1. Mo ní kí wọ́n fi IQR hàn mí, ìyẹn bí mẹ́wẹ̀ẹ̀wá ṣe fọ́n ká tó: 1.5. Kò gbọdọ̀ ju ìdá 30 nínú ọgọ́rùn-ún 9.1 lọ, ìdá 16 ni tiwa.

Dókítà fi àyẹ̀wò ALT kún un, ìyẹn àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ tó lè fi hàn bí ẹ̀dọ̀ bá ń wú, torí bí ẹ̀dọ̀ bá ń wú, líle rẹ̀ á pọ̀ láìjẹ́ pé àpá pọ̀ sí i. Wọn ò yí oògùn padà. Mo ra ìwé kékeré kan fún Mọ́mì, mo kọ ọjọ́, orúkọ ẹ̀rọ, ìgbà tí wọ́n jẹun kẹ́yìn, nọ́ńbà, IQR àti ALT sí i. Tí wọ́n bá padà lọ, ẹ̀rọ kan náà ni kí wọ́n lò, kí wọ́n sì gbé ìwé náà dání.