Gọ́tà mítà 200 ní Ògbómọ̀ṣọ́: bí a ṣe ń ṣọ́ owó, àsìkò àti ojúlówó iṣẹ́ ìjọba

Orí tábìlì ni iṣẹ́ ìjọba ti sábà ń bàjẹ́, nígbà tí ẹni tó máa bójú tó o ò tíì mọ iye ohun èlò tó yẹ kó lọ sínú rẹ̀. Ẹ jẹ́ ká mú gọ́tà kọnkéré kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì ní Ògbómọ̀ṣọ́, kí ẹni tó wà nínú ìgbìmọ̀ àdúgbò tàbí ní káńsù rí bí a ṣe ń ṣe é.

Ẹ ṣírò ó fúnra yín kí agbaṣẹ́ṣe tó dá iye

Ká ní inú gọ́tà náà fẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 60, ó jìn ní 60, tí ìsàlẹ̀ àti ògiri rẹ̀ méjèèjì sì nípọn ní 15. Ìsàlẹ̀ á fẹ̀ ní 90 lápapọ̀. Mítà kan rẹ̀ á gba kọnkéré 0.135 mítà kúbíìkì fún ìsàlẹ̀ àti 0.18 fún ògiri, àpapọ̀ 0.315. Ní mítà 200, ó di 63.

Bí a bá po ó ní sìmẹ́ǹtì ọ̀kan, yanrìn méjì, òkúta mẹ́rin, mítà kúbíìkì kọ̀ọ̀kan ń jẹ nǹkan bí àpò sìmẹ́ǹtì 6.3, yanrìn mítà kúbíìkì 0.44 àti òkúta 0.88. Gbogbo iṣẹ́ náà á gba bí àpò 400. Ẹ fi 5% lé e fún ohun tó máa dànù, ó di 420. Bí ìwé àkọsílẹ̀ ibi iṣẹ́ bá wá fi hàn pé àpò 250 ló parí gọ́tà náà, kò tún sí ìdánwò tí ẹ ń wá mọ́.

Ohun tí wọ́n sábà ń gbàgbé ni àpáta. Àpáta ò jìnnà sí ojú ilẹ̀ ní ọ̀pọ̀ ibi ní Ògbómọ̀ṣọ́, iye tí wọ́n sì fi ń gbẹ́ ilẹ̀ pupa kọ́ ni wọ́n fi ń fọ́ àpáta. Ẹ gbẹ́ kòtò ìdánwò kan ní gbogbo mítà 50 kí ẹ tó buwọ́ lùwé, kí iye fífọ́ àpáta sì dá dúró nínú BOQ, ìyẹn ìwé tó to iye ohun èlò, iṣẹ́ àti owó wọn. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ọjọ́ tí dígà bá kan òkúta ni agbaṣẹ́ṣe máa pe iye tó wù ú, ẹ ò sì ní lè jiyàn, torí ẹ ti la ilẹ̀ sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà onílé. Ẹ ya 5% sí 10% owó iṣẹ́ sọ́tọ̀ fún irú nǹkan báyìí. Kì í ṣe owó agbaṣẹ́ṣe o. Láìsí ìwé àṣẹ, kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án.

Ẹ wọn iṣẹ́ kí ẹ tó sanwó

Ẹ má ṣe san owó ìbẹ̀rẹ̀ láìgba ìwé onídùúró láti báńkì tàbí iléeṣẹ́ adójútòfò. Òfin ìjọba àpapọ̀ ti ọdún 2007 lórí iṣẹ́ àgbàṣe náà béèrè rẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ máa yọ owó ìbẹ̀rẹ̀ yẹn díẹ̀díẹ̀ nínú gbogbo owó tó bá tún gbà.

Kí ẹnjiníà yín àti agbaṣẹ́ṣe jọ fa téèpù, kí àwọn méjèèjì buwọ́ lù ú. Bí wọ́n bá ti da ìsàlẹ̀ mítà 60, tí ògiri sì ti dé mítà 40, kọnkéré tó ti wà nílẹ̀ jẹ́ 8.1 àti 7.2, àpapọ̀ 15.3 nínú 63. Ìyẹn ò ju bíi 24% lọ. Tó bá ti gba 45% owó, tí ìdajì àsìkò sì ti lọ, owó ń sáré, àsìkò ń rìn, iṣẹ́ ń wọ́. Ẹ dáwọ́ owó dúró.

Ẹ máa fi 5% pamọ́ nínú owó kọ̀ọ̀kan. Ẹ san ìlàjì rẹ̀ nígbà tí iṣẹ́ bá parí, kí ìyókù dúró títí àsìkò àtúnṣe, tí agbaṣẹ́ṣe gbọ́dọ̀ fi tún àbùkù ṣe, á fi pé. Ó sàn kí ẹ kọ oṣù 12 ju 6 lọ, kí òjò ọdún kan lè gba orí gọ́tà náà kọjá.

Ẹ wo òjò

Kí wíwalẹ̀ bẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn tí òjò bá ti dá, láti oṣù kọkànlá. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n gbẹ́ ju ibi tí wọ́n lè da kọnkéré sí láàárín ọ̀sẹ̀ kan. Kòtò tí òjò bá bá ní ṣíṣí á ya lẹ́gbẹ̀ẹ́, ìsàlẹ̀ rẹ̀ á di ẹrẹ̀, ẹ ó sì san owó wíwalẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Kí lẹ́tà yín lórí òpó iná ti dé ọ̀dọ̀ IBEDC, iléeṣẹ́ tó ń pín iná, kí agbaṣẹ́ṣe tó dé, kí ẹ sì ti mọ ibi tí páìpù omi gbà. Ká má tan ara wa, ìjọba fúnra rẹ̀ máa ń dá iṣẹ́ dúró: bí ìwé ìsanwó bá sùn lórí tábìlì fún oṣù mẹ́ta, iye sìmẹ́ǹtì ò ní dúró dè é.

Ibi tí iṣẹ́ ti gbọ́dọ̀ dúró kí ẹ wò ó

Ìdàgẹ̀rẹ̀ ni àkọ́kọ́, kí kọnkéré kankan tó wọlẹ̀. Mílímítà 5 fún mítà kan tó, ìyẹn mítà kan gbáko láti òkè dé ìsàlẹ̀ gọ́tà yìí. Ẹ fi rọ́bà olómi, èyí tí a fi ń wo bí ilẹ̀ ṣe ga sí, wò ó ní gbogbo mítà 10: ó gbọ́dọ̀ fi sẹ̀ǹtímítà 5 relẹ̀ nígbà kọ̀ọ̀kan. Gọ́tà tí omi dúró sí ti di ilé ẹ̀fọn, kò sì sí bí kọnkéré rẹ̀ ṣe dáa tó tó lè tún un ṣe.

Bí irin bá wà nínú rẹ̀, ẹ gbé e sórí ìwọ̀n. Irin mílímítà 10 tó gùn ní mítà 12 yẹ kó wọn bíi kílò 7.4. Èyí tó bá wọn kílò 5, ẹ dá a padà sínú mọ́tò tó gbé e wá.

Ẹ bu yanrìn àti omi iyọ̀ sínú ìgò, ẹ mì ín, ẹ fi í sílẹ̀ fún wákàtí mẹ́ta. Bí ẹrẹ̀ tó bà sókè bá ju 8% yanrìn ìsàlẹ̀ lọ, ẹ kọ̀ ọ́.

Ẹ má fi ṣọ́bìrì wọn nǹkan. Ẹ jẹ́ kí káfíńtà kan àpótí tí inú rẹ̀ jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 35, 33 àti 30. Ó gba bí lítà 35, ìyẹn àpò sìmẹ́ǹtì kan. Àpótí yanrìn méjì àti òkúta mẹ́rin sí àpò kan, omi lítà 25 sí 27, kó dín bí yanrìn bá tutù. Ibí ni ìjà máa ń wà. Bíríkìlà fẹ́ràn omi, torí kọnkéré tó ṣàn kì í dá ọwọ́ lágara, àmọ́ bí omi àfikún bá gbẹ, ihò ló ń fi sílẹ̀. Ẹ fi kóònù irin tó ga ní sẹ̀ǹtímítà 30 dán an wò: ẹ dà á kún ní ìpele mẹ́ta, ẹ gún ọ̀kọ̀ọ̀kan nígbà 25, ẹ fa kóònù sókè. Bí kọnkéré bá sọ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 5 sí 10, ó dáa. Bó bá tẹ́ pẹrẹsẹ, ẹ má jẹ́ kí wọ́n dà á.

Ẹ rọ kọnkéré sínú àpótí ìdánwò mẹ́fà oní sẹ̀ǹtímítà 15, kí ẹ fọ́ mẹ́ta lọ́jọ́ keje, mẹ́ta lọ́jọ́ 28, ní yàrá ìdánwò ẹ̀ka ẹnjiníà Civil ní yunifásítì. LAUTECH ò jìnnà. Kọnkéré tí wọ́n fẹ́ kó gbé 20 N/mm² (ìwọ̀n tí a fi ń mọ agbára kọnkéré) yẹ kó ti gbé bíi 13 lọ́jọ́ keje. Kí wọ́n máa fi àpò tútù bo ojú kọnkéré gọ́tà náà, kí wọ́n máa wọ́n omi sí i fún ọjọ́ méje ó kéré tán, pàápàá nígbà ọyẹ́, torí afẹ́fẹ́ á fa omi rẹ̀ kó tó le.

Lọ́jọ́ tí ẹ bá fẹ́ gba iṣẹ́ náà lọ́wọ́ agbaṣẹ́ṣe, ẹ da omi táńkà kan sí ìbẹ̀rẹ̀ gọ́tà, kí ẹ sì máa tẹ̀lé e lọ. Ibikíbi tí omi bá dúró sí, ẹ fi kun sàmì sí i, ẹ kọ ọ́ sínú ìwé àtúnṣe, kí ẹ tó buwọ́ lu ìdajì owó ìpamọ́.