Ilẹ̀ yín ti ṣá? Bí ẹ ṣe máa dá ẹ̀mí inú ẹ̀ padà nìyí

Tẹ́ ẹ bá ń da fatiláísà sóko lọ́dọọdún, tí iye àpò tẹ́ ẹ̀ ń rà ń pọ̀ sí i àmọ́ tí àgbàdo yín ò ju ti ọdún tó kọjá lọ, ẹ jọ̀ọ́ ẹ má tíì lọ ra òmíì o. Ó lè má jẹ́ pé oúnjẹ ló tán nínú ilẹ̀, ó lè jẹ́ pé àwọn tó ń gbé oúnjẹ yẹn dé ẹnu gbòǹgbò ni ò sí ńbẹ̀ mọ́. Bakitéríà àtàwọn olú tín-ín-rín tí ojú lásán ò lè rí ni mò ń sọ. Ilẹ̀ tó dáa, tẹ́ ẹ bá bu ṣíbí tíì kan péré níbẹ̀, bakitéríà inú ẹ̀ lè tó mílíọ̀nù 100, ó sì lè wọ bílíọ̀nù 1. Àwọn ló ń jẹ́ kí ewé jẹrà, àwọn ló ń tú oúnjẹ inú ewé yẹn sílẹ̀ fún nǹkan ọ̀gbìn, àwọn náà ló ń so ilẹ̀ pọ̀ kí òjò má baà gbá a lọ.

Ẹ yẹ ilẹ̀ yín wò ná kẹ́ ẹ tó náwó kankan. Ẹ fi ọkọ́ gbẹ́ ẹ díẹ̀ níbi tó ti tutù, kẹ́ ẹ bù ú sọ́wọ́ kẹ́ ẹ gbóòórùn ẹ̀. Ilẹ̀ tó wà láàyè máa ń ní òórùn tó máa ń ta síni nímú nígbà tí òjò àkọ́rọ̀ bá rọ̀, bakitéríà kan tó ń jẹ́ Streptomyces wà lára àwọn tó ń gbé òórùn yẹn jáde. Ẹ wò ó bóyá ekòló wà ńbẹ̀, bóyá ẹ rí nǹkan funfun tó rí bí òwú lára ewé tó ń jẹrà. Lẹ́yìn náà, ẹ mú ògúlùtu kan tó gbẹ dáadáa láti oko, ẹ mú ìkejì láti abẹ́ igi níbi tí ẹnì kankan ò dáko sí, ẹ rọra jù wọ́n sínú ife omi méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Tí toko bá tú ká lójú ẹsẹ̀ tómi sì di pọ̀tọ̀pọ́tọ̀, tí tabẹ́ igi wá dúró digbí, ẹ ti rí ìdáhùn nìyẹn, torí pé oje tó ń lẹ̀ tí àwọn nǹkan tíntìntín yìí ń ṣe ló ń di ilẹ̀ mú.

Èyí tí mo tún fẹ́ràn ni pé kẹ́ ẹ ri aṣọ òwú mọ́lẹ̀. Ẹ gé aṣọ òwú funfun tó ti gbó, kó má ṣe jẹ́ nílọ́ọ̀nù tàbí pọliẹ́sítà o, ẹ rì í sínú ilẹ̀ tó tutù, kó jìn tó sẹ̀ńtímítà 15, kẹ́ ẹ fi igi sàmì síbẹ̀. Ní Amẹ́ríkà àti Kánádà oṣù méjì ni wọ́n máa ń fi sílẹ̀, àmọ́ ilẹ̀ tiwa gbóná ju tiwọn lọ, ẹ lè hú u wò lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́rin márùn-ún lásìkò òjò. Tó bá ti ya pẹ́rẹpẹ̀rẹ, bakitéríà àti olú ti ń jẹ ẹ́ nìyẹn, iṣẹ́ ń lọ lábẹ́ ilẹ̀ yín. Tẹ́ ẹ bá bá a bó ṣe wà, iṣẹ́ pọ̀ fún yín.

Ohun tó ń pa àwọn nǹkan tíntìntín yìí jù lágbègbè tiwa, iná ni. Mi ò ní fi ọ̀rọ̀ yìí bo rárá. Tẹ́ ẹ bá sun koríko, eérú á jẹ́ kí àgbàdo ọdún yẹn tutù yọ̀yọ̀, ìyẹn ló ń jẹ́ ká rò pé iná dáa, àmọ́ nitirójìn (oúnjẹ tó ń jẹ́ kí ewé tutù) àti kábọ́ọ̀nù inú koríko yẹn ti bá èéfín lọ, ohun abẹ̀mí tó wà lókè ilẹ̀ gan-an ti jóná, ilẹ̀ wá wà níhòòhò, oòrùn ọ̀sán lè mú kó gbóná kọjá 40°C kí òjò tó dé. Òótọ́ ni pé àwọn bàbá wa sun igbó, ṣùgbọ́n tí wọ́n bá dáko níbẹ̀ tán wọ́n á fi í sílẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún títí á fi padà di igbó, àwa wá ń padà sórí ilẹ̀ kan náà lọ́dọọdún, kò lè rí bákan náà. Torí náà ẹ ṣán koríko, ẹ jẹ́ kó sùn sílẹ̀, kẹ́ ẹ gbin nǹkan yín sáàárín ẹ̀. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ tuntun o. Rattan Lal, onímọ̀ nípa ilẹ̀, ará Íńdíà tó ṣiṣẹ́ ní IITA, ilé ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀ tó wà n'Íbàdàn, láti 1970 sí 1987, tó wá gba ẹ̀bùn World Food Prize ní 2020, lára iṣẹ́ tó ṣe níbẹ̀ ni fífi koríko bo ilẹ̀ àti ká má máa túlẹ̀ ká tó gbin nǹkan.

Ohun tẹ́ ẹ máa fi bo ilẹ̀ ò wọ́n: pòpórò àgbàdo, èèpo ẹ̀wà, koríko, ewé agúnmáníyẹ̀, jogbo tó ń yọ òdòdó yẹ́lò lẹ́bàá títì. Jogbo yẹn, ẹ má fojú di í, nitirójìn àti pọtáṣíọ̀mù inú ewé ẹ̀ pọ̀ gan-an, ó sì máa ń jẹrà kíákíá, ẹ gé e kó tó so irúgbìn kẹ́ ẹ má baà gbìn ín sóko fúnra yín. Lẹ́búlẹ́bú pákó nìkan ni kẹ́ ẹ ṣọ́ra fún. Tẹ́ ẹ bá po tútù ẹ̀ mọ́ ilẹ̀, bakitéríà tó fẹ́ jẹ ẹ́ á kọ́kọ́ fa nitirójìn inú ilẹ̀ sọ́dọ̀ ara wọn, àgbàdo yín á wá máa pọ́n ràkọ̀ràkọ̀. Ẹ jẹ́ kó kọ́kọ́ jẹrà pẹ̀lú ìgbẹ́ adìẹ fún oṣù bíi mélòó kan.

Tó bá jẹ́ kọ́ḿpọ́ọ̀sì, ìyẹn ajílẹ̀ látinú ewé àti ìgbẹ́ ẹran tó jẹrà, lẹ fẹ́ ṣe, ẹ wá abẹ́ igi, ẹ to òkìtì tó fẹ̀ tó mítà kan, tó ga tó mítà kan, tó bá kéré jùyẹn lọ kì í gbóná. Ẹ to nǹkan gbígbẹ nípọn, ẹ fi ewé tútù àti ìgbẹ́ adìẹ tàbí ti màlúù lé e díẹ̀, ẹ wọ́n omi sí i, ẹ tún bẹ̀rẹ̀ látorí gbígbẹ, gbígbẹ yẹn á tó ìlọ́po méjì tàbí mẹ́ta tútù. Tẹ́ ẹ bá fún un lọ́wọ́ ó yẹ kó tutù láìṣe pé omi ń ro tótótó. Láàárín ọjọ́ díẹ̀ àárín ẹ̀ á gbóná débi pé ẹ ò ní lè fọwọ́ síbẹ̀ pẹ́, 55°C sí 65°C ló yẹ kó dé, ooru yẹn ló ń pa irúgbìn koríko àtàwọn àrùn. Tó bá ti ń tutù, ẹ yí i kí afẹ́fẹ́ lè wọlé, tó bá ń rùn bí ẹyin tó ti bàjẹ́, omi ti pọ̀ jù, ẹ po gbígbẹ mọ́ ọn. Oṣù méjì sí mẹ́ta, ó ti dúdú, òórùn igbó ló máa ń ní. Ẹ lè bu ẹ̀kúnwọ́ kan sídìí ebè kọ̀ọ̀kan tí ò bá pọ̀ tó gbogbo oko.

Ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti dùn mọ́ mi jù ni ti ẹ̀wà. Afẹ́fẹ́ tí à ń mí, ìdá 78 nínú 100 ẹ̀ ló jẹ́ nitirójìn, àmọ́ àgbàdo ò lè lò ó. Ẹ̀wà, ẹ̀pà àti sóyà lè rí i gbà torí pé bakitéríà kan ń gbé nínú kókó kéékèèké lára gbòǹgbò wọn, òun ló ń sọ ọ́ di oúnjẹ fún wọn. Nígbà tí ẹ̀wà yín bá ń tanná, ẹ wa ìdí kan jẹ́jẹ́ (ẹ má fà á tu, kókó á já sílẹ̀), kẹ́ ẹ fi èékánná la kókó náà. Tí inú ẹ̀ bá pupa, ó ń ṣiṣẹ́, tó bá funfun tàbí ó jẹ́ àwọ̀ ewé, kò sí nǹkankan ńbẹ̀. Ẹ̀wà wa sábà máa ń rí bakitéríà tó bá a mu nínú ilẹ̀ tiwa, sóyà ni kì í fi bẹ́ẹ̀ rí, pàápàá lórí ilẹ̀ tí ẹnikẹ́ni ò gbin sóyà sí rí. Ìyẹn lẹ ṣe lè ra bakitéríà ẹ̀, IITA n'Íbàdàn ṣe ọ̀kan tó ń jẹ́ NoduMax. Ẹ fi gọ́ọ̀mù tàbí omi ṣúgà díẹ̀ ra irúgbìn lára, ẹ da lẹ́búlẹ́bú náà lé e, ẹ pò ó títí gbogbo ẹ̀ á fi dúdú, abẹ́ ìbòòji ni kẹ́ ẹ ti ṣe é, kẹ́ ẹ sì gbìn ín lọ́jọ́ náà sínú ilẹ̀ tó tutù torí oòrùn máa ń pa á. Ẹ má pò ó mọ́ oògùn tí wọ́n fi ń ra irúgbìn, ẹ má sì da Yùríà rẹpẹtẹ sí i, torí tí sóyà bá ti rí nitirójìn ọ̀fẹ́ kò ní wá bakitéríà mọ́. Tẹ́ ẹ bá kórè, ẹ gé igi ẹ̀wà, ẹ fi gbòǹgbò sílẹ̀ nínú ilẹ̀ fún àgbàdo tó ń bọ̀.

Ẹ̀gẹ́ ní tiẹ̀, olú tín-ín-rín ló ń bá ṣiṣẹ́. Gbòǹgbò wẹ́wẹ́ ẹ̀gẹ́ ò pọ̀, okùn olú yẹn ló ń bá a na ọwọ́ lọ síbi tí fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì, oúnjẹ mìíràn tí nǹkan ọ̀gbìn nílò, wà. Títúlẹ̀ léraléra ló ń já okùn yẹn. Tẹ̀tẹ̀ àti kábéèjì kì í bá olú yìí rìn, tó bá jẹ́ àwọn yẹn nìkan lẹ ń gbìn síbì kan fún ìgbà pípẹ́, ẹ gbin àgbàdo tàbí ẹ̀wà síbẹ̀ kẹ́ ẹ tó gbin ẹ̀gẹ́.

Ilẹ̀ tó ti ṣá pátápátá, tí ẹ̀kan ti gbà á, wèrèpè ni kẹ́ ẹ gbìn síbẹ̀, irú èyí tí kì í yúnni. Ní gúúsù orílẹ̀-èdè Benin, ní apá Mono, àwọn àgbẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í lò ó níparí àwọn ọdún 1980, wọ́n sì rí i pé ó ń bo ẹ̀kan mọ́lẹ̀. Ẹ gbìn ín sáàárín àgbàdo nígbà tí àgbàdo bá ti pé bí oṣù kan ààbọ̀, kó má baà lọ́ mọ́ ọn, kẹ́ ẹ jẹ́ kó bo ilẹ̀ títí ẹ̀ẹ̀rùn á fi pa á. Ẹ má sè é jẹ bí ẹ̀wà o, èròjà kan wà nínú irúgbìn ẹ̀ tó lè ṣèèyàn léṣe.

Mi ò sọ pé kẹ́ ẹ má lo fatiláísà mọ́. Ẹ dín in kù, ẹ bu ú sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìdí àgbàdo lórí ilẹ̀ tẹ́ ẹ ti bọ́, bakitéríà á gbá díẹ̀ mú, omi ò ní gbé gbogbo ẹ̀ lọ. Yùríà nìkan lọ́dọọdún láìsí ewé, láìsí ìgbẹ́ ẹran, ńṣe ló ń sọ ilẹ̀ di kíkan. Àwọn oògùn inú ìgò tí wọ́n ń polówó pé bakitéríà tó ń ṣe ohun gbogbo ló wà níbẹ̀, ẹ kọ́kọ́ dán an wò lórí ebè díẹ̀, ẹ fi ebè díẹ̀ sílẹ̀ láìfi sí i, ẹ wọn ìkórè méjèèjì kẹ́ ẹ tó ra èyí tó máa kárí oko.