Bí Ìdílé Ṣe Lè Fi Owó Tí Kò Pọ̀ Gbọ́ Bùkátà Ọdún Kan

Ọ̀pọ̀ ìdílé tí owó kì í tó ná ló máa ń fi oṣù ṣírò owó wọn. Wọ́n mọ iye tó ń wọlé lóṣù, wọ́n mọ owó ilé àti owó oúnjẹ, ìṣirò wọn sì fi hàn pé ó yẹ kí nǹkan ṣẹ́ kù. Síbẹ̀, kí ọdún tó parí, wọ́n á ti yáwó lẹ́ẹ̀mejì tàbí ẹ̀ẹ̀mẹta. Kì í ṣe pé wọ́n ń ná ìnákúnàá. Ohun tó sábà máa ń fà á ni pé àwọn ìnáwó tó wúwo kì í wá lóṣooṣù. Owó iléèwé, owó ìbánigbófò, ìwé ọkọ̀, àtúnṣe ilé àti owó ayẹyẹ ọdún máa ń wá lẹ́ẹ̀kan tàbí ẹ̀ẹ̀mejì péré láàárín ọdún, tí wọ́n bá sì dé, a ó máa pè wọ́n ní ìnáwó òjijì, bẹ́ẹ̀ a ti mọ oṣù tí ọ̀pọ̀ jù lọ nínú wọn máa bọ́ sí kí ọdún tó bẹ̀rẹ̀ rárá. Ìdí nìyẹn tí mo fi gbà pé ẹni tí owó rẹ̀ kò pọ̀ gbọ́dọ̀ fi ọdún ṣírò, kó tó fi oṣù ná.

Ìṣirò tó ń fi àlàfo hàn

Ẹ mú ìwé kan, kí ẹ fa ìlà sí i kó lè ní àyè fún oṣù 12. Ẹ kó gbogbo rìsíìtì àti àkọsílẹ̀ báńkì ti ọdún tó kọjá jọ, títí kan àwọn iṣẹ́ tí báńkì ń fi ránṣẹ́ sórí fóònù nígbàkigbà tí owó bá jáde, kí ẹ sì kọ ìnáwó kọ̀ọ̀kan sábẹ́ oṣù tó bọ́ sí. Bí ẹ kò bá ní àkọsílẹ̀ kankan, kí gbogbo àgbà inú ilé jókòó pọ̀, kí wọ́n jọ rántí, torí ẹnì kan á rántí ohun tí ẹlòmíì ti gbàgbé pátápátá.

Ẹ jẹ́ ká fi ìdílé kan ṣe àpẹẹrẹ. Ká ní iye tó ń wọlé fún wọn lọ́dún jẹ́ 1,200, ìyẹn 100 lóṣù, ohun yòówù kí orúkọ owó ilẹ̀ wọn jẹ́. Lóṣooṣù, owó ilé ń gba 30, oúnjẹ ń gba 25, owó ọkọ̀ jẹ́ 12, iná, omi àti fóònù jẹ́ 10, gbèsè kan tí wọ́n ń san díẹ̀díẹ̀ sì ń gba 8. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 85, èyí tó túmọ̀ sí pé 15 ló ń ṣẹ́ kù lóṣù. Ìdílé náà rò pé ara tu àwọn. Àmọ́ nígbà tí wọ́n wo ìwé ọdún, wọ́n rí owó iléèwé àti ìwé kíkà, 120. Ìbánigbófò àti ìwé ọkọ̀, 48. Àtúnṣe ilé àti àwọn ohun èlò tó bà jẹ́, 36. Oògùn, eyín àti awò ojú, 24. Owó ayẹyẹ ọdún àti ẹ̀bùn, 36. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ 264 lọ́dún, ìyẹn 22 lóṣù. Bí a bá fi 22 kún 85, ó di 107. Ìdílé tó rò pé 15 ló ń ṣẹ́ kù fún òun ń fi 7 wọ gbèsè lóṣooṣù, ó sì ń di 84 lọ́dún, láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni nínú wọn ṣe àṣejù lọ́jọ́ kan ṣoṣo.

Ìdẹkùn kan tún wà nínú irú ìṣirò yìí. Oṣù kan kì í ṣe ọ̀sẹ̀ 4 géérégé. Ọ̀sẹ̀ 52 ló wà nínú ọdún, ọ̀sẹ̀ 4 lọ́nà 12 sì jẹ́ 48 péré. Tó bá jẹ́ pé owó ọjà ọ̀sẹ̀ 4 ni 25 tí ìdílé yẹn kọ sílẹ̀, 325 ni wọ́n máa ná sórí oúnjẹ lọ́dún, kì í ṣe 300. Ẹni tó ń gba owó iṣẹ́ ní ọ̀sẹ̀ méjì-méjì ló ń jàǹfààní òdìkejì rẹ̀, nítorí ẹ̀ẹ̀mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ni yóò gbowó lọ́dún, oṣù méjì á sì wà tí owó á wọlé lẹ́ẹ̀mẹta. Owó ẹlẹ́ẹ̀kẹta yẹn ni kó lọ tààrà sínú owó ọdún, ìyẹn owó tí ẹ yà sọ́tọ̀ fún àwọn ìnáwó tí kì í wá lóṣooṣù, kó má ṣe gba ọjà kọjá.

Ní ti ẹni tí owó rẹ̀ kì í dọ́gba, bí oníṣòwò tàbí oníṣẹ́ ọwọ́, kó kó oṣù mẹ́ta tí owó rẹ̀ kéré jù lọ́dún tó kọjá pọ̀, kó pín in sí mẹ́ta, kó sì fi èyí ṣe owó oṣù tí ilé máa ná. Ohun tó bá lé lórí rẹ̀ láwọn oṣù tó dára, kó gbé e pa mọ́ fún àwọn oṣù tí ọjà máa dákẹ́.

Lẹ́yìn ìṣirò, ẹ ya owó ọdún sọ́tọ̀. Àkáǹtì míì tí kò ní káàdì ló dára jù, torí owó tó bá wà pọ̀ mọ́ owó oúnjẹ kò ní pẹ́ di owó oúnjẹ. Ẹ fi sọ́kàn pé ọdún àkọ́kọ́ ló máa ń le jù. Bí owó iléèwé tó jẹ́ 120 bá bọ́ sí oṣù kẹrin, ẹni tó ń fi 10 pa mọ́ lóṣù á ní 40 péré lọ́wọ́ nígbà tí ọjọ́ bá pé. Nítorí náà, ní ọdún àkọ́kọ́, iye oṣù tó kù kí owó náà tó di sísan ni ẹ ó fi pín in, kì í ṣe 12: ó máa jẹ́ 30 lóṣù fún oṣù mẹ́rin, lẹ́yìn náà ni yóò wá bọ̀ sí 10. Bí ìyẹn bá pọ̀ jù, ẹ lọ bá ẹni tí ẹ máa san owó fún kí ọjọ́ tó pé, kí ẹ sì béèrè bóyá ẹ lè san án díẹ̀díẹ̀ láìsí èlé. Ẹni tó bá wá ṣáájú ọjọ́ máa ń rójú rere ju ẹni tó bá wá lẹ́yìn ọjọ́ lọ.

Ibi tó yẹ ká ti kọ́kọ́ dín owó kù

Ìmọ̀ràn tó wọ́pọ̀ jù ni pé kí èèyàn yé ra ìpápánu àti ohun mímu lójú ọ̀nà. Èmi kò sọ pé ó burú, ṣùgbọ́n ibẹ̀ kọ́ ni mo máa ti bẹ̀rẹ̀. Ohun tó ń jáde lóṣooṣù láìjẹ́ pé ẹ tún ronú kàn án ló yẹ kí ẹ kọ́kọ́ wò, nítorí ìpinnu kan ṣoṣo níbẹ̀ á ṣiṣẹ́ fún yín lẹ́ẹ̀méjìlá lọ́dún, nígbà tó jẹ́ pé ojoojúmọ́ ni ẹ máa bá ara yín jà lórí ìpápánu.

Gbèsè ló wà lókè. Ẹ tún wo ìdílé inú àpẹẹrẹ wa: gbèsè tó ń gba 8 lóṣù ń gba 96 lọ́dún, bẹ́ẹ̀ 84 péré ni àlàfo tó ń dà wọ́n láàmú. Bí gbèsè yẹn bá parí, àlàfo náà ti dí. Ẹni tó ń yáni lówó lè sọ pé ìdá 3 nínú 100 péré ni èlé òun lóṣù, ó sì máa ń dún bí nǹkan kékeré, ṣùgbọ́n bí a kò bá san án, tí èlé ń gorí èlé, ó máa lé ní ìdá 42 nínú 100 kí ọdún tó yí po. Ẹ kọ gbogbo gbèsè sílẹ̀ pẹ̀lú èlé kọ̀ọ̀kan, ẹ san iye tó kéré jù tí wọ́n gbà lórí gbogbo wọn, kí ẹ sì da gbogbo owó tó bá ṣẹ́ kù lé èyí tí èlé rẹ̀ ga jù. Lẹ́yìn tó bá parí, ẹ má ṣe jẹ́ kí owó tó ń gbà tẹ́lẹ̀ padà sọ́jà. Orí gbèsè tó kàn ni kó lọ. Àmọ́ kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀, ẹ fi owó díẹ̀ sílẹ̀ fún pàjáwìrì gidi, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀, àìsàn kékeré kan lè sún yín wọ gbèsè tuntun.

Lẹ́yìn gbèsè, ẹ yẹ owó ilé àti owó ọkọ̀ wò. Ilé tó wọ́n díẹ̀ tó sún mọ́ ibi iṣẹ́ lè dín owó ju ilé olówó pọ́ọ́kú tó jìnnà lọ, torí náà ẹ máa ro méjèèjì pọ̀ kí ẹ tó dá ẹjọ́. Ẹ wo àwọn owó kéékèèké tí báńkì tàbí iléeṣẹ́ fóònù ń yọ fúnra rẹ̀ fún ohun tí ẹnikẹ́ni nínú ilé kò lò mọ́, kí ẹ sì ní kí wọ́n dá a dúró.

Ilé ìdáná

Oúnjẹ la lè dín owó rẹ̀ kù láìjẹ́ pé ebi pa ẹnikẹ́ni, nítorí ohun tó ń bà jẹ́ ló ń gba apá kan owó náà. Kí ẹ tó lọ sọ́jà, ẹ ṣí fíríìjì àti àpótí oúnjẹ, kí ẹ kọ ohun tó wà níbẹ̀, kí ẹ sì fi èyí tó máa kọ́kọ́ bà jẹ́ pinnu ohun tí ẹ máa sè lọ́jọ́ méjì sí mẹ́ta. Ẹ̀yìn ìyẹn ni ẹ ó tó kọ ohun tí ẹ máa rà. Oúnjẹ tuntun, ẹ tò ó sẹ́yìn. Ti tẹ́lẹ̀, ẹ fà á síwájú. Kí fíríìjì wà ní ìwọ̀n 4 lórí òṣùwọ̀n Celsius tàbí kó rẹlẹ̀ díẹ̀, kí fírísà sì wà ní ìwọ̀n 18 nísàlẹ̀ òdo. Oúnjẹ tó bá ṣẹ́ kù, ẹ gbé e wọ fíríìjì kó tó pé wákàtí méjì tí ẹ ti sọ̀ ọ́ kalẹ̀, kí ẹ sì jẹ ẹ́ tán láàárín ọjọ́ mẹ́ta sí mẹ́rin. Ọjọ́ tí wọ́n kọ sára páálí náà kì í ṣe oríṣi kan: òmíràn ń sọ pé oúnjẹ náà lè ṣe èèyàn léṣe lẹ́yìn ọjọ́ yẹn, òmíràn sì ń sọ pé adùn rẹ̀ lásán ló lè dín kù. Ẹ kà á dáadáa kí ẹ tó dà á nù.

Ní ọjà, ẹ má ṣe gbà pé ńlá ló dín owó. Ká ní páálí tó jẹ́ gíráàmù 750 jẹ́ 6, tí èyí tó jẹ́ gíráàmù 1,000 sì jẹ́ 8.5. Bí ẹ bá pín in, gíráàmù 100 nínú ti kékeré jẹ́ 0.80, nígbà tí ti ńlá jẹ́ 0.85. Fóònù á ṣe ìṣirò yìí láàárín ìṣẹ́jú kan. Àní bí ńlá bá tilẹ̀ dín owó lóòótọ́, kò sí èrè kankan nínú rẹ̀ bí apá kan rẹ̀ bá máa bà jẹ́ kí ẹ tó lò ó tán.

Iná mànàmáná

Níbí, àwọn èèyàn máa ń ṣọ́ ohun tí kò tó nǹkan, wọ́n á sì fi ohun ńlá sílẹ̀. Ẹ wo nọ́ńbà wọ́ọ̀tì tó wà lára ohun èlò, ẹ fi iye wákàtí tí ẹ ń lò ó sọ ọ́ di púpọ̀, kí ẹ sì fi 1,000 pín in. Iye yúníìtì tó ń jẹ nìyẹn. Ohun èlò amúǹkangbóná tó jẹ́ wọ́ọ̀tì 2,000, tí ẹ ń lò fún wákàtí kan lóòjọ́, á jẹ yúníìtì 730 lọ́dún. Gílóòbù àtijọ́ tó jẹ́ wọ́ọ̀tì 60, tó ń tàn fún wákàtí márùn-ún lóòjọ́, á jẹ bí 110, bẹ́ẹ̀ gílóòbù ìgbàlódé tí wọ́n ń pè ní LED tó jẹ́ wọ́ọ̀tì 9, tí ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ bá tirẹ̀ dọ́gba, kò ní jẹ ju 17 lọ. Fóònù kan tí ẹ ń gba iná sí lójoojúmọ́ kò lè jẹ ju nǹkan bíi 10 lọ jálẹ̀ ọdún. Nítorí náà, ẹ fi àwọn ọmọ sílẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ fóònù, kí ẹ sì máa ṣọ́ ohun tó ń gbóná: ẹ dé ìkòkò, ẹ gbé ìwọ̀n omi tí ẹ máa lò nìkan kaná, ẹ fi omi tútù fọ aṣọ tí kò dọ̀tí púpọ̀.

Ohun tí kò yẹ ká dín kù

Eyín tó ń dunni, òrùlé tó ń jò àti bíréèkì ọkọ̀ wà lára àwọn ohun tí ìdádúró ń sọ di gbèsè. Òrùlé tí ẹ kò tún ṣe nígbà tó ń jò díẹ̀ á ba àjà jẹ́, á ba ibùsùn jẹ́, owó tí ẹ rò pé ẹ fi pa mọ́ á sì jáde ní ìlọ́po. Mo tún gbà pé kò yẹ kí ẹ gba gbogbo owó ìgbádùn lọ́wọ́ àwọn ará ilé. Kí àgbàlagbà kọ̀ọ̀kan ní iye kékeré kan lóṣù tí ẹnikẹ́ni kò ní bi í léèrè rẹ̀, torí ibi tí kò bá ti sí irú owó bẹ́ẹ̀, irọ́ ló máa ń wọlé. Bí ìbátan tàbí ọ̀rẹ́ bá sì máa ń béèrè ìrànlọ́wọ́, ẹ fi iye tí agbára yín ká sínú ìwé ọdún gẹ́gẹ́ bí ìnáwó. Tó bá tán, ẹni tó béèrè lẹ́yìn náà á gbọ́ òótọ́, ẹ kò sì ní yá owó láti fi ṣàánú.

Gbogbo ẹni tó ń ná owó nínú ilé gbọ́dọ̀ mọ iye tó wà. Ẹ fi ọjọ́ kan lóṣù jókòó ti ìwé yìí, kó má ju ìdajì wákàtí lọ, kí ẹ wo ohun tó jáde, ohun tó ń bọ̀ ní oṣù méjì tó tẹ̀ lé e, àti iye tó wà nínú owó ọdún. Kì í ṣe ọjọ́ ìdájọ́ o; ẹni tó ná ànáju nígbà yẹn, nọ́ńbà inú ìwé ti bá a sọ̀rọ̀ tó.

Nígbà tí ọdún bá ń parí lọ, owó díẹ̀ lè wà nínú àkáǹtì owó ọdún tí kò tíì dé ojú iṣẹ́ rẹ̀. Ẹ má ṣe pín in, torí àwọn ìnáwó oṣù kìíní sí ìkẹta ló ń dúró dè é. Ẹ fa ìlà oṣù 12 tuntun, kí ẹ sì fi iye tí wọ́n ń gbà báyìí kọ ìnáwó kọ̀ọ̀kan síbẹ̀: bí owó iléèwé bá ti kúrò ní 120 tó di 132, 11 ni ẹ ó máa fi pa mọ́ lóṣù láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún náà, kì í ṣe 10.