Bẹ́ ẹ ṣe lè tú mítà dáṣíbọ́ọ̀dù mọ́tò yín kẹ́ ẹ sì tún un ṣe

Ẹ̀yin onímọ́tò Ìkòròdú, tí abẹ́rẹ́ mítà yín bá ń gbọ̀n tàbí tí ojú ẹ̀ ò tàn lálẹ́ mọ́, ẹ jọ̀ọ́ ẹ má tíì sáré lọ Ládìpọ̀ lọ ra tòkunbọ̀. Mítà tòkunbọ̀ á gbé máìléèjì mọ́tò ẹlòmíì wá, ó sì lè má bá wáyà yín mu, bẹ́ẹ̀ ọ̀pọ̀ ìgbà ló jẹ́ pé ti yín ṣì dáa, ìtọ́jú ló fẹ́.

Ẹ kọ́kọ́ wò ó bóyá mítà ló bàjẹ́ lóòótọ́. Tó bá jẹ́ abẹ́rẹ́ epo nìkan ló ń purọ́, ẹ wo fùlóòtù inú táǹkì, tó bá jẹ́ ti tẹ́ńpíréṣọ̀ nìkan, ẹ wo sẹ́ńsọ̀ ẹ̀. Tí gbogbo ẹ̀ bá kú lẹ́ẹ̀kan náà, fíúsì tàbí wáyà tó lọ sí bọ́dì ni kẹ́ ẹ fura sí. Ti tẹ́ńpíréṣọ̀ yẹn, ẹ má fojú kéré ẹ̀ o, torí tí abẹ́rẹ́ bá dúró sójú kan tí ẹ́ńjìnnì sì ń hó, inú gosilóò Mile 12 ló máa nọ́ọ̀kì sí.

Ẹ ṣí iná mọ́tò láì sítáátì, kẹ́ ẹ fi fóònù ya fọ́tò ibi tí abẹ́rẹ́ kọ̀ọ̀kan dúró sí. Ẹ wá pa á, kẹ́ ẹ yọ orí négétífù bátìrì, kẹ́ ẹ sì dúró díẹ̀ torí éábáàgì, Toyota ní ó kéré tán kó tó 90 sẹ́kọ́ńdù. Ẹ rẹ sítíárì sílẹ̀, ẹ tẹ́ aṣọ lé e, ẹ fa rọ́bà tó yí mítà ká jáde, ẹ tú súkúrù ẹ̀, ẹ wá rọra fa mítà síwájú títí ọwọ́ yín á fi dé ẹ̀yìn. Ẹ tẹ etí kọnẹ́tọ̀ kó tó jáde, ẹ má fi wáyà fà á. Benz V-boot ò ní súkúrù níbẹ̀, irin tẹ́ẹ́rẹ́ méjì tá a tẹ̀ lẹ́nu la fi ń fa tiẹ̀ láti ẹ̀gbẹ́, ó sì ní kébù sípíìdì lẹ́yìn tẹ́ ẹ máa kọ́kọ́ tú.

Ibi abẹ́rẹ́ gan-an niṣẹ́ wà, ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ti ń bà á jẹ́. Ẹ ṣí gíláàsì ẹ̀ kúrò, ẹ tẹ́ aṣọ fẹ́lẹ́ sójú mítà, ẹ ki ṣíbí méjì sábẹ́ abẹ́rẹ́ lápá ọ̀tún àti òsì, sún mọ́ ìdí ẹ̀ dáadáa, kẹ́ ẹ gbé méjèèjì sókè lẹ́ẹ̀kan náà, díẹ̀díẹ̀. Ẹ má yí i, ẹ má fi ìka kan ojú tí wọ́n kọ nọ́ńbà sí, torí òógùn ọwọ́ á fi àmì síbẹ̀.

Tẹ́ ẹ bá yí bọ́ọ̀dù iná inú mítà sẹ́yìn, ẹ fi awò tó ń sọ nǹkan di ńlá wo gbogbo ibi tí wọ́n jó léèdì sí. Ẹ máa rí i níbòmíì pé òrùka dúdú tẹ́ẹ́rẹ́ yí ẹsẹ̀ kan ká, ó ti sán nìyẹn, bí kòtò ọ̀nà Ṣágámù ṣe ń gbọ̀n ọ́n lójoojúmọ́. Ẹ fi áyọ́ọ̀nù tí wọ́n fi ń jó léèdì àti léèdì tuntun jó o. Tí abẹ́rẹ́ bá ń fò tàbí tó ń há, mọ́tò kékeré tó ń yí i lábẹ́ ló ti kú, ti ọ̀pọ̀ ọkọ̀ GM (àwọn tó ń ṣe Chevrolet) ọdún 2003 sí 2006, X27.168 ni nọ́ńbà ẹ̀, ẹsẹ̀ mẹ́rin ló ní, òun lẹ máa pààrọ̀. Tẹ́ ẹ bá fi LED rọ́pò gúlóòbù tí ò sì tàn, ẹ yọ ọ́ kẹ́ ẹ yí i padà, ó ní pọ́sítífù àti négétífù.

Omi ọṣẹ àti aṣọ rírọ̀ lẹ fi máa fọ gíláàsì ẹ̀, kì í ṣe pẹtiróò tàbí tínà. Abẹ́rẹ́ tó ti ṣá, ọ̀dà fẹ́lẹ́ lẹ máa fi kùn ún, torí tó bá wúwo ju bó ṣe wà lọ, kò ní sọ òótọ́ mọ́.

Ẹ kan abẹ́rẹ́ mọ́ ibi ẹ̀ fẹ́rẹ́, ẹ dá kọnẹ́tọ̀ padà kẹ́ ẹ tó so bátìrì, ẹ ṣí iná kẹ́ ẹ wo fọ́tò yẹn, tí sípíìdì bá wà ní 0 tí epo sì bá fọ́tò mu, ìgbà yẹn lẹ tó tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Ẹni tó bá ní òun á bá yín dín máìléèjì kù lórí ẹ̀, ẹ má gbà, ẹ máa yan ẹni tó bá ra mọ́tò yẹn jẹ ni. Tẹ́ ẹ bá wakọ̀ jáde, ẹ fi GPS fóònù wo sípíìdì ẹ̀, kẹ́ ẹ sì rí i pé iná ọ́ìlì àti ti éábáàgì tàn nígbà tẹ́ ẹ ṣí iná, wọ́n sì kú lẹ́yìn tẹ́ ẹ sítáátì.