Bí mo ṣe lé èéfín kúrò nínú ilé olókùúta ní Wales

Oṣù mẹ́ta ni iṣẹ́ gbé mi lọ sí abúlé kan ní àríwá Wales, ilé olókùúta àtijọ́ ni wọ́n sì fi mí wọ̀ sí. Ààrò pálọ̀ nìkan ló ń mú ilé náà gbóná, àmọ́ bí mo bá ti dáná, inú ilé ni èéfín ń dà sí. Ojú mi pọ́n kankan.

Igi ni mo kọ́kọ́ dá lẹ́bi. Mo ra èyí tó gbẹ dáadáa, tí omi inú rẹ̀ kò tó ìdá 20 nínú 100. Pàbó ló já sí. Ẹni tó ń gbá ihò èéfín, ìyẹn ọ̀nà tí èéfín ààrò ń gbà jáde lórí òrùlé, wá, kò bá ìtẹ́ ẹyẹ tó lè dí i níbẹ̀.

Ìyá àgbà tó múlé tì mí ló là mí lóye: ihò náà ló tutù. Afẹ́fẹ́ tútù wúwo, ó jókòó síbẹ̀ bí ọmọrí ìkòkò. Mo ṣí fèrèsé díẹ̀, mo ká ìwé ìròyìn, mo tiná bọ̀ ọ́, mo nà án sí ẹnu ihò náà. Èéfín kọ́kọ́ bò mí lọ́wọ́. Nígbà tó yá, ó yí padà, ó ń lọ sókè wùù. Ìgbà yẹn ni mo tó tanná sí igi.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ ra ẹ̀rọ tó ń ké bí carbon monoxide, afẹ́fẹ́ olóró tó ń ti ara iná jáde, bá wà nínú ilé. Kò ní òórùn, ó sì lè pani lójú oorun.