Ẹ má dúró kí bísíkíìtì le nínú ófùnù

Ẹ̀yin èèyàn mi, ọdún ti dé tán, mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ wa ló máa yan bísíkíìtì fáwọn ọmọ. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tẹ àárín rẹ̀ wò láti mọ̀ bóyá ó ti jinná. Bó bá ṣì gbóná, rírọ̀ ni yóò máa rọ̀, torí bọ́tà àti ṣúgà inú rẹ̀ kò tíì dì. Etí rẹ̀ ni kí ẹ máa wò. Bí etí bá ti pọ́n díẹ̀, tí ojú rẹ̀ kò sì dán bí ohun tútù mọ́, ẹ gbé e jáde, kódà bí àárín ṣì funfun. Ẹ fi í sílẹ̀ lórí tíréè fún bí ìṣẹ́jú 5. Ooru tíréè á parí iṣẹ́ tó kù. Èmi náà ti dúró kó le rí. Nígbà tó tutù, díẹ̀ báyìí ló kù kó kán mi léyín!

Èyí tó ní kòkó nínú kì í fi àwọ̀ hàn, aago ni mo máa ń fi ṣọ́ ọ: ní 180°C, bó bá ti di ìṣẹ́jú 9, mo ti ń yọjú wò ó. Ẹ kọ́kọ́ yan ẹyọ méjì péré dán an wò, torí ófùnù kálukú ló ní ìwà tiẹ̀.