Ẹ Má Fi Wáráńtì Ọkọ̀ Yín Ra Ariwo Sàlẹ́ńsà: Àwọn Àṣìṣe Tó Wọ́pọ̀

Ẹ̀yin tí ẹ ń ra ọkọ̀ eré tuntun, Mustang ni o, Supra ni o, BMW ni o, tí ẹ ò tíì tú ọ̀rá ara àga rẹ̀ tí ẹ ti ń wá ẹni tó máa bá yín tú agbára ẹ́ńjìnì rẹ̀ sílẹ̀ ní Àkúrẹ́, ẹ̀yin ni mò ń bá wí. Iṣẹ́ mi ni kí n fi kọ̀ǹpútà yẹ ọkọ̀ wò, kí n sì tún bréènì-bọ́ọ̀sì, ìyẹn kọ̀ǹpútà tó ń darí ẹ́ńjìnì, ṣe. Ọ̀dọ̀ mi ni ọ̀pọ̀ yín ń gbé e wá kó tó bàjẹ́, ọ̀dọ̀ mi náà ni ẹ sì ń wọ́ ọ wá nígbà tó bá bàjẹ́ tán. Ó ti sú mi. Owó wáráńtì, ìyẹn ìlérí ilé-iṣẹ́ pé àwọn á fi owó ara wọn tún un ṣe bí àbùkù bá yọ, wà nínú owó tí ẹ fi ra ọkọ̀ yẹn, ẹ ti san án. Ó ń dùn mí wọra kí n máa wo èèyàn tó fọwọ́ ara rẹ̀ da owó bẹ́ẹ̀ nù, torí agbára tí kò ríbi lò láàárín ọ̀nà Ọba Adésídà àti Alágbàká ní Àkúrẹ́ níbí.

Mi ò ní kí ẹ má fọwọ́ kan ọkọ̀ yín o. Èmi náà fẹ́ràn ẹ́ńjìnì tó ń ké dáadáa. Ohun tí mò ń sọ ni pé kí ẹ tó tú nọ́ọ̀tì kan, kí ẹ ti mọ ẹni tó máa sanwó bí nǹkan bá kán.

Àṣìṣe kìíní ni kí ẹ rò pé ẹ ní wáráńtì nígbà tí ẹ ò ní in. Tòkunbọ̀ tí wọ́n kọ 2022 sí lára kò fi hàn pé wáráńtì ṣì wà lórí rẹ̀. Wáráńtì tí wọ́n fún ọkọ̀ ní Amẹ́ríkà, fún àwọn tó ń wa ọkọ̀ lọ́hùn-ún ni. Kì í bá ọkọ̀ sọdá òkun. Bó bá tún jẹ́ èyí tó ti ní ìjàǹbá, tí ilé-iṣẹ́ ìbánigbófò ti kà á sí òkú kó tó dé orí gbàǹjo, ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ ló ti fagi lé wáráńtì rẹ̀ láti ọ̀hún. Irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ sì pọ̀ ní ìgboro wa. Ẹ mú nọ́ńbà VIN rẹ̀, ìyẹn nọ́ńbà ìdánimọ̀ ọkọ̀, lọ bá aṣojú ilé-iṣẹ́ náà ní Èkó, kí wọ́n kọ ìdáhùn sílẹ̀ fún yín. Bí wáráńtì ò bá sí, ẹ lè fo púpọ̀ nínú ọ̀rọ̀ mi, àmọ́ ẹ má fo ibi tí mo ti sọ̀rọ̀ epo.

Ìkejì: ìwé wáráńtì wà nínú àpótí iwájú ọkọ̀. Ẹ kà á.

Ìkẹta, wáráńtì kì í ṣe ẹyọ kan ṣoṣo. Ẹ wo ti Ford àti Toyota ní Amẹ́ríkà. Ọdún 3 tàbí 36,000 máìlì, ìyẹn nǹkan bí 58,000 kìlómítà, ni wọ́n fún gbogbo ara ọkọ̀. Ẹ́ńjìnì àti gíà ní ọdún 5 tàbí 60,000 máìlì. Òfin ìjọba àpapọ̀ wọn lórí èéfín wá fún catalyst, ìyẹn àpótí tó ń fọ èéfín mọ́ lójú ọ̀nà sàlẹ́ńsà, àti bréènì-bọ́ọ̀sì ní ọdún 8 tàbí 80,000 máìlì. Èyí tó bá kọ́kọ́ pé nínú ọdún àti máìlì ni wọ́n ń kà. Bí ẹ bá ra tiyín ní Èkó, iye tó wà nínú ìwé tiyín ni kí ẹ tẹ̀ lé, ṣùgbọ́n bó ṣe ń pín sí ọ̀nà ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ náà nìyẹn. Ẹ wá wò ó, catalyst tí ààbò rẹ̀ gùn jù lọ ni ẹ kọ́kọ́ ń gé! Àwọn tó ń rà á ń kiri ọ̀dọ̀ àwọn mẹkáníìkì. Platinum, palladium àti rhodium tó wà nínú rẹ̀ ni wọ́n ń wá. Wọ́n á ka owó lé yín lọ́wọ́, sàlẹ́ńsà á máa bú ramúramù, iná ẹ́ńjìnì á sì tàn sílẹ̀ lójú dáṣíbọ́ọ̀dù. Ọjọ́ tí ẹ bá fẹ́ ra òmíràn ni ẹ óò mọ̀ pé owó táṣẹ́rẹ́ ni wọ́n fún yín.

Èyí tó ń bí mi nínú jù ló kàn, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ dé gbòǹgbò. Òun ni ọ̀rọ̀ tí mò ń gbọ́ lẹ́nu gbogbo yín: “Ọ̀gá, ẹ ó bá mi dá a padà sí bó ṣe wà kí n tó gbé e lọ fún wọn.” Ta ló sọ fún yín pé kò ní hàn? Bréènì-bọ́ọ̀sì òde òní kì í gbàgbé. Fáìlì tó wà nínú rẹ̀, ìyẹn ìlànà tó ń sọ fún ẹ́ńjìnì bó ṣe máa ṣiṣẹ́, tí àwọn tó ń tú agbára sílẹ̀ ń fi tiwọn rọ́pò, ní nọ́ńbà kan tí wọ́n ń pè ní CVN. Inú ohun tí wọ́n kọ sínú fáìlì gan-an ni kọ̀ǹpútà ti ń ṣírò nọ́ńbà yìí jáde, tó fi jẹ́ pé bí ẹ bá yí nǹkan kékeré padà, nọ́ńbà náà á yí padà. GM, àwọn tó ń ṣe Chevrolet, ní kí àwọn tó ń tún ọkọ̀ wọn ṣe ya àwòrán nọ́ńbà yìí kí wọ́n tó fọwọ́ sí ẹ́ńjìnì tuntun. Volkswagen àti Audi ní àmì kan tí wọ́n ń pè ní TD1. Bí wọ́n bá ti bá fáìlì àjèjì nínú ọkọ̀, wọ́n á kọ àmì yẹn mọ́ nọ́ńbà VIN rẹ̀ nínú ìwé tiwọn, ẹ̀ka wọn mìíràn tí ẹ bá sì gbé e lọ lẹ́yìn náà á rí i. Porsche ń kọ iye ìgbà tí ẹ́ńjìnì yí kọjá ààlà rẹ̀ sílẹ̀, ó pín in sí ìpele mẹ́fà, ó sì ń kọ wákàtí tó ṣẹlẹ̀ mọ́ ọn.

Ẹ ní ẹ ti dá fáìlì àkọ́kọ́ padà. Ó dáa, CVN lè bára mu. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ bréènì-bọ́ọ̀sì ló tún ń ka iye ìgbà tí wọ́n ti kọ nǹkan sínú òun. Ọkọ̀ tí ilé-iṣẹ́ kọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan, tí kọ̀ǹpútà wá bá ẹ̀ẹ̀mẹ́rin nínú rẹ̀, kí lẹ fẹ́ sọ?

Ọ̀dọ́mọkùnrin kan wà ní Ìjàpọ̀ tó ra tiẹ̀ ní tuntun, wáráńtì ṣì gùn lórí rẹ̀. Ẹnì kan fi fáìlì ránṣẹ́ sí i láti òkè òkun lórí WhatsApp, ó wá ẹni tó bá a fi sí i. Kò pẹ́ tí ẹ́ńjìnì fi bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n lọ́nà Ìdànrè, tí èéfín aláwọ̀ búlúù ń tẹ̀ lé e. Ó wá bá mi. “Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi nu gbogbo ẹ̀ kúrò kí wọ́n má mọ̀.” Mo ní, “Àbúrò, mi ò ní bá ọ purọ́ fún wọn, wọ́n á sì rí i.” Ó rí ẹlòmíì tó bá a ṣe é. Wọ́n gbé ọkọ̀ náà sórí ọkọ̀ akẹ́rù lọ sí Èkó, nǹkan bí 300 kìlómítà. Àwọn yẹn so ẹ̀rọ wọn mọ́ ọn, wọ́n pè é wá wo ojú kọ̀ǹpútà, wọ́n sì ní kó máa gbé e lọ.

Àkúrẹ́ níbí la ti tú ẹ́ńjìnì náà. Mo gbé písítìnì kan lọ́wọ́. Ètè tẹ́ẹ́rẹ́ tó wà láàárín ríìngì kìíní àti ìkejì ti kán lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ibi tó kán tó èékánná àtàǹpàkò. Ríìngì tó yẹ kó jókòó lé e ti dá sí méjì, ẹnu rẹ̀ tó mú sì ti ha ògiri sílíńdà láti òkè dé ìsàlẹ̀. Bí mo bá fi èékánná gba ojú ibẹ̀ kọjá, ó ń kọ́ mi. Kò sí bí a ṣe lè tún ìyẹn lẹ̀. Owó tó san tó ra Corolla tòkunbọ̀ tó dáa. Bó bá jẹ́ pé bí wọ́n ṣe tà á fún un ló ṣe bàjẹ́, ilé-iṣẹ́ ni ì bá san gbogbo rẹ̀.

Bí ẹni tó ń ta fáìlì bá tún sọ fún yín pé kò ní hàn, ẹ ní kó kọ ọ́ sílẹ̀, kó fọwọ́ sí i pé bí wọ́n bá kọ wáráńtì, òun ló máa ra ẹ́ńjìnì. Kò tíì sí èyí tó fọwọ́ sí i lójú mi.

Ẹ tún máa ń sọ pé “ilé-iṣẹ́ kàn fi agbára pamọ́ sínú ẹ̀ ni, ká tú u sílẹ̀.” Ẹ jẹ́ ká wo Supra. Èyí tó ní ẹ́ńjìnì 3.0 ní Amẹ́ríkà, 335 hp, ìyẹn agbára ẹṣin, ni lọ́dún 2020. Lọ́dún 2021 ó di 382. Kí wọ́n tó fi 47 yẹn kún un, wọ́n pààrọ̀ písítìnì, ìfúnpọ̀ inú ẹ́ńjìnì sọ̀ kalẹ̀ láti 11 sí 10.2, wọ́n sì ṣe ojú ọ̀nà èéfín tuntun fún un. Àwọn tó ṣe ẹ́ńjìnì náà fúnra wọn ló ní láti ṣe gbogbo èyí kó tó bá ọkàn wọn mu láti fi wáráńtì lé e. Ẹ̀yin wá fẹ́ fi fáìlì lásán lé e kọjá ibẹ̀.

Epo wá ńkọ́? Fáìlì tí ẹ ń gbà láti Amẹ́ríkà, epo 93 ni wọ́n fi dán ọ̀pọ̀ rẹ̀ wò. Nọ́ńbà yẹn ń sọ bí epo ṣe lè fara da ìfúnpọ̀ tó láìgbiná fúnra rẹ̀, ó sì súnmọ́ 98 ní òṣùwọ̀n RON tí a ń lò níbí. Ẹ lọ sí ilé epo èyíkéyìí lọ́nà Ọ̀wọ̀ tàbí lọ́nà Iléṣà, irú bẹntiróò kan ṣoṣo ni ẹ óò bá lẹ́nu ẹ̀rọ, kì í sì í ṣe irú ti 93 yẹn. Bí epo ò bá lágbára tó, á máa gbiná fúnra rẹ̀ nínú sílíńdà kí iná plọ́ọ̀gì tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ariwo rẹ̀ dà bí òkúta wẹẹrẹ nínú agolo. Bréènì-bọ́ọ̀sì tí ilé-iṣẹ́ ṣe ń fi sẹ́ńsọ̀ gbọ́ ọ, á sì fawọ́ iná sẹ́yìn, ọkọ̀ á kàn lọ́ra díẹ̀. Àlàfo ààbò yẹn gan-an ni fáìlì yín jẹ tán kó tó rí agbára fún yín. Bí ẹ bá wá tẹ àtẹ̀sáré mọ́lẹ̀ ní gíà ńlá nígbà tí ẹ́ńjìnì kò tíì yára, bí ẹ ti máa ń ṣe lẹ́yìn tírélà lórí òkè, ètè písítìnì ló máa ń kọ́kọ́ lọ. Ẹni tó bá fẹ́ fáìlì dandan, kí ẹni tó máa kọ ọ́ jókòó sínú ọkọ̀ yín níbí, pẹ̀lú epo ibí nínú táǹkì.

Fílítà tí wọ́n sọ̀ sílẹ̀ sẹ́yìn bọ́ńpà kó lè fa atẹ́gùn tútù, ẹ yé fi sí ọkọ̀ tí ẹ óò máa wà ní Àkúrẹ́ lójú òjò. Ẹ mọ Odò Àlà, ẹ mọ bó ṣe ń kún. Omi kì í fún pọ̀ bí atẹ́gùn. Bó bá wọ sílíńdà, irin tó gbé písítìnì ló máa tẹ̀. Wọn ò ní ka ìyẹn sí àbùkù ọkọ̀ láéláé. Nígbà ọyẹ́ ẹ̀wẹ̀, eruku ọ̀nà ni èyí tí kò ní àpótí ń gbé mì.

Àpótí kékeré tí wọ́n ń so sáàárín sẹ́ńsọ̀ àti bréènì-bọ́ọ̀sì, tí wọ́n ní kò fọwọ́ kan fáìlì: irọ́ ló ń pa fún ẹ́ńjìnì yín, iṣẹ́ àṣekúdórógbó náà ló sì ń mú un ṣe.

Ẹ tún sọ fún ilé-iṣẹ́ ìbánigbófò pé ẹ ti yí nǹkan padà.

Àwọn kan wà ní ìdàkejì tí ẹ̀rù ń bà jù, tí wọ́n gbà pé bí àwọn bá yí ríìmù padà báyìí, gbogbo wáráńtì ti lọ. Àwọn mìíràn á fi òfin Amẹ́ríkà hàn mí lórí fóònù, Magnuson-Moss ti ọdún 1975, wọ́n á ní kò sẹ́ni tó lè fọwọ́ kan wáráńtì àwọn. Òfin yẹn dáa. Ó ní ilé-iṣẹ́ ò lè kọ wáráńtì kìkì torí pé ẹ lo ohun tí kì í ṣe tiwọn. Wọ́n ní láti fi hàn pé ohun náà ló fa ìbàjẹ́. Bí ẹ bá fi sípíríǹgì kúkúrú sí i, tí rédíò kú, rédíò ṣì jẹ́ gbèsè wọn. Bí ṣọ́ọ̀kì bá fọ́ nínú kòtò ọ̀nà Oǹdó, ó di tiyín. Ṣùgbọ́n òfin Amẹ́ríkà ni, ẹ̀yin tí ẹ wà ní Houston ló wà fún. Níbí, òfin ọdún 2018 tí FCCPC, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń dáàbò bo oníbàárà, ń bójú tó fún olùrà lẹ́tọ̀ọ́ sí ọjà tó pé, ẹ sì lè mú ẹjọ́ lọ bá wọn. Ohun tí ẹ máa mú dání lọ ni ìwé: rìsíìtì gbogbo pààrọ̀ ọ́ìlì pẹ̀lú kìlómítà tó wà lójú ọkọ̀ lọ́jọ́ náà, orúkọ ọ́ìlì, nọ́ńbà fílítà. Ọ̀pọ̀ yín ń pààrọ̀ ọ́ìlì lẹ́bàá títì láìgba ìwé kankan, ẹ wá ń bá mi sọ̀rọ̀ òfin.

Bí ọwọ́ bá ń yún yín kí wáráńtì tó pé, ẹ béèrè lọ́wọ́ ẹni tó tà á bóyá ilé-iṣẹ́ náà ní ti ara wọn. Ford Performance ń ta irú rẹ̀ fún Mustang, àwọn kan nínú rẹ̀ sì wá pẹ̀lú wáráńtì bí ẹni tí wọ́n fọwọ́ sí bá ló fi í sí i. Ẹ ṣe bírékì páàdì tó dáa àti taya tó di ilẹ̀ mú. Ọkọ̀ yín á sáré dáadáa ju bó ṣe ń sá lọ, kò sì sẹ́ni tó máa bá yín jà lórí ẹ́ńjìnì.

Ẹni tí wáráńtì tiẹ̀ bá ti pé, kó máa bọ̀. Ṣùgbọ́n kó jẹ́ ká kọ́kọ́ wo ìfúnpọ̀ sílíńdà kọ̀ọ̀kan, ká sì kọ ọ́ sílẹ̀. Lẹ́yìn náà, màá ka fáìlì àkọ́kọ́ jáde kúrò nínú bréènì-bọ́ọ̀sì, màá fún un ní ẹ̀dà rẹ̀, ọ̀kan á sì wà lọ́dọ̀ mi. Bí kò bá ṣeé kà jáde láìbàjẹ́, mi ò ní gba iṣẹ́ náà.